Ìwé ìtàn-àròsọ ogun Kírìjì fún JSS 2: kí la lè ṣe ní kíláàsì yàtọ̀ sí kíkà sókè?

Tíṣà_Gbágì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ ní JSS 2 ní Ìbàdàn níbí. Táàmù tó ń bọ̀, ìwé ìtàn-àròsọ kan tó dá lórí ogun Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà láyé ọjọ́un, la fẹ́ kà. Mi ò ní dárúkọ ìwé náà, torí ìbéèrè mi kò mọ sórí ẹ̀; ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọkùnrin kan tó ń ru ẹrù lọ sí àgọ́ Ìbàdàn ní Igbájọ ló ń sọ ìtàn, àti pé wọ́n jí àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé lójú ọ̀nà, wọ́n sì tà á.

Ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́rìnlá ni wọ́n. Kíláàsì kún, ọmọ mẹ́ta ló ń jùmọ̀ lo ìwé kan. Tí ẹnì kan bá ń kà sókè, òun nìkan ló ń gbọ́ ohun tó ń kà; àwọn ará ẹ̀yìn ti ń ya bọ́ọ̀lù sínú ìwé. Tí mo bá kọjú sí pátákó tí mo ń kọ 1877, 1878, 1886, kí n tó yí padà, ojú gbogbo wọn ti wà lójú fèrèsé. Iṣẹ́ tí wọ́n lè fọwọ́ ṣe, tí wọ́n lè torí ẹ̀ bára wọn jiyàn, ni mo ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má ní kí n fi fíìmù hàn wọ́n. Iná tí a ò rí lò nílé, ṣé kíláàsì la ti máa rí i?

Ìyá_Ìbejì_Ìlá

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ẹ fi pátákó sílẹ̀, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Èmi máa ń ní kí wọ́n kó àga sẹ́bàá ògiri, màá wá fi ṣọ́ọ̀kì ya ilẹ̀ Yorùbá sórí sìmẹ́ńtì. Èkó nísàlẹ̀ létí òkun, Ìjẹ̀bú-Òde àti Abẹ́òkúta lókè rẹ̀, Ìbàdàn, lẹ́yìn náà Ìkìrun, Igbájọ, Ìmẹ̀sí-Ilé, Òkè-Mẹ̀sí, Iléṣà. Òndó náà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á dúró lórí ìlú tirẹ̀. Ẹni tó wà l'Ékòó ni màá fún ní páálí iyọ̀ àti àpò kékeré tí mo kọ "ẹ̀tù" (ẹ̀tù ìbọn) sí lára, màá ní kó gbé e dé Ìbàdàn. Yóò gbéra, yóò dé Ìjẹ̀bú, ọmọ tó dúró níbẹ̀ á na ọwọ́ méjèèjì pé kò sí ọ̀nà. Yóò yà sí Abẹ́òkúta, wọ́n á tún dá a padà. Nígbà yẹn ẹni tó dúró fún Ìbàdàn ti ń pariwo pé kí lòun fẹ́ fi jagun. Èmi á wá mú páálí mìíràn, màá fún ọmọ mìíràn l'Ékòó kan náà, màá ní kó gba Òndó lọ sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì. Kò sẹ́ni tó dá a dúró! Ariwo tó máa sọ nígbà yẹn, ẹ ti ilẹ̀kùn kí ọ̀gá má baà wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó máa ń sọ ìtàn. Pé ní 1877 Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, rán ènìyàn lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), pé inú bí àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn kọjá, wọ́n sì ti ọ̀nà, Ìjẹ̀bú náà sì ti tiwọn. Pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó kó ara wọn jọ, wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé gba ìhà Òndó. Wọn kì í gbàgbé ẹ̀, torí ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi rìn ín. Tí ẹ bá wá ka ibi tí ọmọkùnrin inú ìwé yín ti ń ru ẹrù, wọ́n á mọ ìdí tí ẹrù náà fi ṣọ̀wọ́n.

Ọmọ_Ìbokùn

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, màá jí i lò.

Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ gbà mí láyè kí n béèrè nǹkan kan. Ìbàdàn lẹ wà, àgọ́ Ìbàdàn ni ẹni tó ń sọ ìtàn wà, ìwé ọlọ́mọ Ìbàdàn ni. Àwa tó wá láti òdì kejì ńkọ́? Nínú ìwé yín, ṣé wọ́n sọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀? Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú wa láti máa ṣojú wọn, ohun tí ojú àwọn bàbá wa rí lọ́wọ́ wọn ló jẹ́ kí Fábùnmi, jagunjagun Òkè-Mẹ̀sí, pa ti ìlú rẹ̀ ní 1878. Tí ọmọ kò bá mọ ìyẹn, á rò pé ńṣe ni àwọn Èkìtì kàn jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìjà ń wù wọ́n.

Tíṣà_Gbágì

@Ọmọ_Ìbokùn, ìwé náà sọ ọ́, àmọ́ gbólóhùn méjì péré ni, ọmọkùnrin yẹn sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀. Mo gbà pé kò tó. Mo ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Èkìtì dáadáa nínú kíláàsì, ìyẹn gan-an ló sì mú mi rò pé kí n pín wọn sí méjì, kí wọ́n ṣe eré ogun náà. Apá kan Ìbàdàn, apá kan Èkìtì-Parapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó pawọ́ pọ̀. Báwo lẹ ṣe rí i?

Alàgbà_Fẹ̀yìntì

Ẹ má dán an wò.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ti rí irú eré bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ilé-ìwé. Ẹ fún wọn ní igi ìgbálẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹnì kan ti di ojú mú, ìtàn ti sọnù. Kò sí ọmọ tó máa gbà láti kú. Gbogbo wọn ni Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà.

Èyí tó tún burú ni pé irọ́ lẹ máa fi kọ́ wọn. Ogun yẹn kò lójútùú lójú ogun. Àgọ́ méjèèjì kọjú síra fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, kò sẹ́ni tó lé ẹnì kejì lọ. Àwọn ènìyàn dáko níbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, Ààrẹ Látòósà fúnra rẹ̀ kú síbẹ̀ ní 1885. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé ló parí ẹ̀ ní 1886. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe eré, ìpàdé àdéhùn ni kẹ́ ẹ ṣe.

Báyìí ni mo ṣe máa ń ṣe é. Ẹgbẹ́ mẹ́ta: Ìbàdàn ní igun kan, Èkìtì-Parapọ̀ ní igun kejì, àwọn ìlú mẹ́rin tí wọ́n ń torí wọn fa ọ̀rọ̀ láàárín, ìyẹn Ọ̀tan, Ìrèsì, Adà àti Igbájọ. Lẹ́yìn náà ọmọ méjì tí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn dára, àwọn ni oníṣẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ló ń gbé lẹ́tà lọ gbé lẹ́tà bọ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, nítorí náà òfin eré ni pé igun kan kò gbọdọ̀ bá èkejì sọ̀rọ̀ tààrà. Ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí oníṣẹ́ gbé e lọ. Ẹ̀yin á rí bí kíláàsì ṣe máa dákẹ́! Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́, ìwé wọn á pàdánù.

Kọ ohun tí igun kọ̀ọ̀kan ń wá sórí páálí, kí wọ́n má fi han ara wọn. Èkìtì-Parapọ̀: a fẹ́ òmìnira, a sì fẹ́ ìlú mẹ́rin yẹn. Ìbàdàn: a lè fún yín ní òmìnira, àmọ́ ìlú mẹ́rin yẹn kò kúrò lọ́wọ́ wa. Àwọn méjèèjì: a ò ní kọ́kọ́ tú àgọ́ wa. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n wá ojútùú. Nígbà tí wọ́n bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ wá ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ fún wọn: òmìnira fún Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ìlú mẹ́rin náà wà pẹ̀lú Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá fẹ́ kó jáde lè kó jáde, kí àgọ́ méjèèjì tú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kéde ẹ̀ lójú ogun ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886. Àwọn ọmọ tó dúró fún ìlú mẹ́rin ló máa ń bínú jù, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó bi àwọn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Kí wọ́n má sì rò pé ìwé yẹn parí gbogbo nǹkan o. Ìbàdàn ṣì ń bá Ìlọrin fà á lápá Ọ̀fà, ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá.

Àdùkẹ́_Oòyè

Alàgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Eré àdéhùn yẹn dára gan-an. Ọ̀kan wà nínú àdéhùn 1886 tí ẹ fò, mo sì mọ ìdí tẹ́ ẹ fi fò ó: pé kí Modákẹ́kẹ́ kó kúrò níbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé-Ifẹ̀.

Ilé-ìwé mi kò jìnnà síbẹ̀. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1997 sí 2000, ilé jó, ènìyàn kú, àwọn òbí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ má fi abala yẹn sínú eré níbikíbi tó bá sún mọ́ wa. Ọmọ tí ẹ ní kó dúró kó sọ pé "ẹ kó kúrò", bàbá ẹni tó jókòó tì í lè ti sá kúrò lẹ́ẹ̀kan rí.

Alàgbà_Fẹ̀yìntì

@Àdùkẹ́_Oòyè, ó dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tí a bá ń fo gbogbo ohun tó ń dunni, kí ló kù nínú ìtàn?

Àdùkẹ́_Oòyè

Mi ò fò ó sà. Kíkà la máa ń kà á, a kì í ṣe é léré. Màá tẹ abala náà fún wọn, oníkálukú á dákẹ́ kà á, á kọ ìbéèrè kan sílẹ̀ láìkọ orúkọ ara rẹ̀, èmi á kó o jọ, màá dáhùn èyí tí mo lè dáhùn. Eré máa ń fi ọmọ sí ipò tí kò yàn. Kíkà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Kọ́pà_Ṣakí

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá mi wí, kọ́pà lásán ni mí. Èmi ní kí wọ́n kọ ìtàn náà bíi gúrúùpù WhatsApp. Ẹgbẹ́ kan mú èyí wá:

*Ààrẹ Látòósà: Ẹ̀tù dà?*
*Ìjẹ̀bú-Òde ti kúrò nínú gúrúùpù.*
*Abẹ́òkúta ti kúrò nínú gúrúùpù.*
*Ààrẹ Látòósà: Ta ló ṣẹ́kù?*
*Balógun: Ààrẹ, ẹ ṣì jẹ wá lówó o.*

Ẹ̀rín pa wá. Ọmọkùnrin kan tí kì í la ẹnu ní kíláàsì ló kọ ìlà tó kẹ́yìn yẹn.

Alàgbà_Fẹ̀yìntì

Ẹ̀rín pa yín, kí ni wọ́n wá mọ̀? Fóònù ni wọ́n mọ̀, fóònù náà ni ẹ tún fún wọn.

Ìyá_Ìbejì_Ìlá

Alàgbà, ẹ rọra. Ọmọ tó kọ "Ìjẹ̀bú-Òde ti kúrò nínú gúrúùpù" mọ̀ pé wọ́n ti ọ̀nà. Ohun tí yóò jẹ́ kó wúlò ni òfin méjì. Ìkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ lásìkò tó ń kọ̀wé. Ìkejì, ojú ìwé tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tí kò bá ní ojú ìwé, ẹ pa á rẹ́. Ẹ máa rí i pé wọ́n á ṣí ìwé ju bí wọ́n ṣe ń ṣí i fún ìdánwò lọ.

Kọ́pà_Ṣakí

Ojú ìwé! Ẹ ṣé mà, ìyẹn ni mi ò rò.

Tíṣà_Peckham

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Kíláàsì ọjọ́ Sátidé ni tèmi, àwọn ọmọ tí a bí síbí, wọ́n ń gbọ́ Yorùbá àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáni lóhùn. Ogun Kírìjì jìnnà sí wọn. Ohun tí mo fi ń mú wọn wọlé ni ẹni tó jẹ́ ojúgbà wọn nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí i.

Tíṣà Gbágì, ẹ ní wọ́n jí àbúrò ọmọkùnrin yẹn gbé. Kí ẹ tó ka ibẹ̀, ẹ ka lẹ́tà tí Àjàyí Crowther kọ ní 1837 fún wọn. Kò tíì di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà o, 1864 ló di bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, àwọn Potogí rà á, wọ́n sì kó o sọ́kọ̀ ojú omi. Oṣù kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wọn.

Abala tí mo máa ń kà ni ìgbà tí wọ́n kó òun àti àwọn ọmọkùnrin mìíràn lọ sínú ọkọ̀ ogun. Wọ́n rí ẹran tí wọ́n so rọ̀, awọ rẹ̀ funfun. Wọ́n tún rí nǹkan roboto-roboto tí wọ́n tò sílẹ̀ lọ rẹrẹ. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n so rọ̀, orí wọn ni wọ́n sì tò sílẹ̀. Màá dá ìwé dúró níbẹ̀. Màá bi wọ́n pé kí lẹ rò pé ó jẹ́? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n á máa sọ. Lẹ́yìn náà màá kà á síwájú: wọ́n sún mọ́ ẹran náà, wọ́n rí pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó là sí méjì. Ẹlẹ́dẹ̀ ni. Nílé wọn, iná ni wọ́n fi máa ń sun irun ara ẹlẹ́dẹ̀, wọn kò rí èyí tí awọ rẹ̀ funfun rí. Nǹkan roboto yẹn, ọta ìbọn ńlá ni, irin lásán.

Iṣẹ́ tí mo fún wọn lẹ́yìn náà ni kí wọ́n mú ojú ewé kan nínú ìwé ìtàn-àròsọ tí à ń kà, kí wọ́n wá ohun kan tí ọmọ inú ìtàn rí tí kò yé e, kí wọ́n kọ ohun tó rò pé ó jẹ́ àti ohun tó jẹ́ lóòótọ́. Ìwé tó dára máa ń ní irú ibẹ̀. Tí kò bá ní, kí ọmọ kọ ọ́ sí i.

Ẹ kíyè sí i: ibi kan wà nínú lẹ́tà náà tó ti sọ pé òun fẹ́ pa ara òun. Ẹ ka gbogbo ẹ̀ fúnra yín kẹ́ ẹ tó kó o fún wọn.

Tíṣà_Gbágì

Ẹ ṣé gan-an, mi ò mọ̀ pé lẹ́tà yẹn ṣe é kà ní JSS. Ṣé obìnrin kankan wà tí ẹ máa ń fi kún un? Ìdajì kíláàsì mi, obìnrin ni.

Tíṣà_Peckham

Ó wà. Àìná, tí wọ́n wá ń pè ní Sarah Forbes Bonetta. Òkè-Odàn ni àwọn Dàhọ̀mì ti kó o ní 1848, ọmọ kékeré gbáà ni. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, mú un wá síbí ní 1850, Ọbabìnrin Victoria sì gba ìtọ́jú ẹ̀. Brighton ló ti gbéyàwó pẹ̀lú J. P. L. Davies, oníṣòwò Èkó, ní 1862. Fọ́tò rẹ̀ wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ gbé e fún wọn, kí wọ́n kọ ohun mẹ́ta tí fọ́tò sọ àti ohun mẹ́ta tí kò sọ. Àwọn ọmọbìnrin mi níbí kò jẹ́ kí n tètè lọ sílé lọ́jọ́ tí mo ṣe é.

Àti ìyá Crowther, Àfàlà. Ọdún 1846 ni wọ́n tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí ìyá kọ́kọ́ sọ. Gbólóhùn mẹ́ta, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá_Àrẹ̀mú

Ìyá àgbà ló ni ìtàn. Ẹ rán wọn nílé! Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà ẹ̀ pé báwo ni ìdílé wọn ṣe dé Ìbàdàn, kó sì kọ oríkì orílẹ̀ wọn wá. Kó dúró síwájú kíláàsì, kó kì í.

Ìyá_Ìbejì_Ìlá

Bàbá Àrẹ̀mú, inú mi dùn sí oríkì, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ agbo ilé ló ní àwọn tí baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú ogun. Wọ́n mọ̀ nínú ilé, wọn kì í sọ ọ́ níta. Ìbéèrè "báwo lẹ ṣe dé Ìbàdàn" lè mú ọmọ ọdún mẹ́tàlá dúró síwájú kíláàsì kó sọ ohun tí ìdílé ẹ̀ ti pa mọ́ láti ìgbà Látòósà. Ọ̀la, gbogbo ilé-ìwé á ti máa fi pè é.

Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: iṣẹ́ wo ni àwọn àgbà yín ń ṣe? Kí ni wọ́n ń jẹ nígbà ìyàn? Orin wo ni ìyá àgbà máa ń kọ tó bá ń ṣiṣẹ́? Kí ọmọ fi fóònù gba ohùn wọn, ìṣẹ́jú méjì ti tó, kó wá da ìlà mẹ́wàá kọ sínú ìwé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè wọn. Ẹ má jẹ́ kó "tún un ṣe". Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó kọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ ti ṣe iṣẹ́ òpìtàn. Oríkì náà, kó kọ èyí tó bá wù ú, kó kà á fún ẹ̀yin nìkan tí kò bá fẹ́ kíláàsì.

Bàbá_Àrẹ̀mú

Ẹ jàre. Kíkì níta kò pọn dandan.

Oníṣirò_Ògbómọ̀ṣọ́

Mo kàn yà síbí ni, ìṣirò ni mo ń kọ́. Owó ẹyọ ńkọ́? Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn, ẹgbàá (2,000). Ẹgbàá mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ kan (20,000). Níbikíbi tí ìwé yín bá ti dárúkọ iye owó, ẹ ní kí wọ́n ṣe é sí okùn, kí wọ́n sọ iye ènìyàn tí yóò rù ú. Wọ́n á ka òǹkà Yorùbá láìmọ̀ pé ẹ ń dán wọn wò.

Ọmọ_Ìbokùn

Mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ mi ìṣáájú, torí Tíṣà ní gbólóhùn méjì péré ni ìwé fi sọ ti ajẹ́lẹ̀.

Ẹ fún wọn ní ìwé tí a là sí mẹ́ta. Apá àkọ́kọ́: *ó ṣẹlẹ̀*. Èkejì: *òǹkọ̀wé ló ronú kàn án*. Ẹ̀kẹta: *ẹnu ẹnì kan la ti gbọ́ ọ*. Ẹ ṣe é lórí orí kan péré, má ṣe gbogbo ìwé. Ààrẹ Látòósà wà lóòótọ́, ó lọ sí apá àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin aláàárù yẹn, èkejì. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ nípa Èkìtì, ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta yìí ni wúrà. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ kó gbogbo nǹkan sí àkọ́kọ́ tàbí èkejì, ẹ má gbà fún wọn. Bi wọ́n: ta ló sọ ọ́, ibo ló dúró sí nígbà tó ń sọ ọ́, kí ló máa jèrè tí wọ́n bá gbà á gbọ́?

Ẹ wá ọgbọ́n fi ìdẹkùn kan sí i. Bí ìwé ìtàn-àròsọ kan bá fi Ààrẹ síbi tí wọ́n ti ń kéde àdéhùn ní 1886, ọmọ tó rántí pé ó kú ní 1885 á fò sókè. Tí ìwé yín kò bá ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ìpínrọ̀ kan fúnra yín, ẹ fi nǹkan bíi mẹ́rin tí kò sí lásìkò náà sínú ẹ̀: náírà, kẹ̀kẹ́ Marúwá, rédíò. Kí wọ́n máa wá a. Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò tún ní gba ohunkóhun gbọ́ lẹ́nu yín, ẹ múra sílẹ̀.

Tí ẹ bá sì fẹ́ mú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ wọlé, ẹ bi ìbéèrè kan náà nípa òun náà. Ìbàdàn ló gbé nígbà ogun, Ọ̀yọ́ ló ti ṣe àlùfáà, ó sì jẹ́ oníṣẹ́ nínú àdéhùn yẹn. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù, ó kú kí àbúrò rẹ̀ Obadiah tó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù. 1921 ló tó jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n tí Ìjẹ̀ṣà kan bá jókòó kọ tirẹ̀ ní 1897, ṣé bákan náà la máa kà á lónìí?

Alàgbà_Fẹ̀yìntì

@Ọmọ_Ìbokùn, mo fara mọ́ ọ, yàtọ̀ sí ti rédíò. Ẹ fi nǹkan tó ṣòro mọ̀ sí i. Gbogbo ọmọ ló mọ̀ pé kò sí rédíò.

Tíṣà_Gbágì

Ẹ ti ṣe gudugudu méje. Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù: ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ó ti bi mí pé ibo ni máàkì wà nínú gbogbo eré yìí, àti pé ìdánwò á béèrè ọdún àti orúkọ.

Àdùkẹ́_Oòyè

Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ wà níbi gbogbo. Ìdáhùn mi fún un ni pé kó wo ìwé alápá mẹ́ta yẹn: máàkì kan fún ohun tí wọ́n kó síbi tó yẹ, máàkì méjì fún ìdí tí wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú ojú ìwé. Ọmọ tó kọ ìdí láìsí ojú ìwé, máàkì kan. Ẹ fún un ní gbogbo ẹ̀ nínú fáìlì, kí ó rí pé ó ṣe é kà. Lẹ́tà inú eré àdéhùn, ẹ máàkì rẹ̀ bíi lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ tàbí aláìgbẹ̀fẹ́ tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n mọ̀ sórí: 1877, 1878, 1886, 1893. Wọ́n á ti mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó béèrè.

Tíṣà_Gbágì

Mo ti gbọ́. Àwòrán ilẹ̀ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, màá ka orí àkọ́kọ́ sókè fúnra mi, màá dá a dúró níbi tí wọ́n ti jí àbúrò ẹ̀ gbé, kí wọ́n máa rò ó lọ sílé. Lẹ́tà Crowther lẹ́yìn ìyẹn. Eré àdéhùn á gbẹ̀yìn, mi ò sì ní fi Modákẹ́kẹ́ sí i. Alàgbà, ṣé ẹ ṣì ní páálí ohun tí igun kọ̀ọ̀kan ń wá lọ́wọ́?

Alàgbà_Fẹ̀yìntì

Ó wà níbì kan nínú yàrá mi. Màá ní kí ọmọ mi ya fọ́tò ẹ̀ lálẹ́ òní. Ìwọ náà, yan àwọn tó máa ṣe oníṣẹ́ dáadáa: má fi alátakò síbẹ̀, torí ó máa ń yí lẹ́tà padà lójú ọ̀nà. Àwọn ìlú mẹ́rin, kó wọn fún àwọn tó máa ń pariwo jù. Wọ́n máa nílò rẹ̀.